Ẹ̀sùn lórí páálí ìtọ́jú ajá ọdẹ onírun kúkurú tí ẹ ń tà ní Iléṣà

Ìsọ̀kun, Iléṣà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Sí Ọ̀gá Àgbà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ọdẹ tí a ń sin ajá ní agbègbè Ìsọ̀kun àti Ìjámọ̀ la kọ lẹ́tà yìí. Páálí 6 la rà, ₦8,500 lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọjà Atákúmọ̀sà. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí náà pé ajá ọdẹ onírun kúkurú lẹ ṣe é fún, ẹ sì ya ajá pupa kan sí i tí irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Búrọ́ọ̀ṣì kan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ olómi 500 mílílítà, oògùn eégbọn 100 mílílítà, àti ìwé pélébé. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó bá ajá tí ẹ yà yẹn mu. Oògùn eégbọn ló lè pa ajá, nítorí náà òun la ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ kọ sára ìgò ni pé amitraz 12.5% ni. Oògùn gidi ni, a mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń sin màlúù náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ẹ kọ ni pé ká da ìdérí 1 sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi 1. Bọ́kẹ́ẹ̀tì wo? Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà lítà 4 ni ọ̀pọ̀ ọdẹ níbí fi ń wẹ ajá. Ẹlòmíràn ń lo ti lítà 10, ti lítà 20 náà sì wà nílé. A fi sírínjì wọn ìdérí yín, mílílítà 15 ló gbà. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ó. Fún oògùn 12.5% yìí, mílílítà 2 sínú lítà omi 1 ló tọ́ fún eégbọn, èyí tó máa já sí 0.025%. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà lítà 4 fẹ́ mílílítà 8, ti lítà 10 fẹ́ 20, ti lítà 20 fẹ́ 40. Ẹni tó da ìdérí yín sínú lítà 4 ti fi nǹkan bí ìlọ́po méjì wẹ ajá rẹ̀. Ajá bẹ́ẹ̀ á máa tòògbé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní gbà á dúró dáadáa, á bì, ara rẹ̀ á tutù, lílù àyà rẹ̀ á sì falẹ̀. Ẹni tó dà á sínú lítà 20 kò lo ìdajì ohun tó yẹ, eégbọn á sì máa rìn lọ lára ajá bí ẹni pé omi lásán ni wọ́n dà lé e. Ìdérí kan náà ni o.

Ẹ tún ní ká fi omi ṣan oògùn náà kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2. Rárá o. A kì í ṣan amitraz kúrò. Kànrìnkàn la fi ń rin ín sí gbogbo ara, títí dé àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, abẹ́ apá, abẹ́ ìrù àti ibi tí okùn ṣaworo ń há lọ́rùn, ká sì yẹra fún ojú. Lẹ́yìn náà, ká so ajá síbi tí atẹ́gùn wà títí ara rẹ̀ á fi gbẹ, ká máa ṣọ́ ọ kó má baà lá ara rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, dídànù ni, kì í sì í ṣe sínú odò, torí ó ń pa ẹja. A kì í fi í pamọ́ de ọ̀la; tí wọ́n bá ti pò ó mọ́ omi, kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹ ò kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ kan ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù 4. Ẹ ò ní kí ẹni tó ń wẹ ajá wọ ìbọ̀wọ́. A wá nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò náà títí, a ò rí i.

Ó wá kan búrọ́ọ̀ṣì. Wáyà ni, wáyà tínínrín tí orí rẹ̀ tẹ̀, gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1.5. Irú rẹ̀ wà fún ajá onírun gígùn tí irun mìíràn tún hù múlọ́múlọ́ lábẹ́ irun òkè rẹ̀, kí wáyà lè wọlé lọ tú èyí tó ta kókó. Irun ajá ọdẹ tiwa kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lọ. Kí ni wáyà fẹ́ tú níbẹ̀? Awọ ló ń bá. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀mẹta péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà ajá, kí ẹ fi àtàǹpàkò ṣí irun rẹ̀ sẹ́yìn: ẹ ó rí ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò lọ bí ojú gbẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ á ti ṣe tóótòòtó níbòmíràn bí orí abẹ́rẹ́. Ikùn, inú itan àti bèbè etí ló ń kọ́kọ́ bó, torí ibẹ̀ ni awọ ti fẹ́lẹ́ jù. Ajá yẹn á wọ igbó eèsún lọ́jọ́ kejì, ìdọ̀tí á kó sójú egbò, eṣinṣin á bà lé e. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kúrúnà ni, á lọ ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ọ́ílì lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti fi pa á. Májèlé nìyẹn, ajá á lá a.

Rọ́bà ni irun kúkurú ń fẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì rọ́bà tó ṣeé tẹ̀ lọ́wọ́, tí eyín rẹ̀ kúrú tí orí rẹ̀ kò sì mú, tàbí ìbọ̀wọ́ tó ní kókó rọ́bà ní àtẹ́lẹwọ́. Ara ajá ní láti gbẹ. A ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, a ó máa yí ọwọ́ róbótó róbótó lọ sí ẹ̀yìn àti itan, ká má tẹ̀ ẹ́ jù níbi tí egungun bá ti yọ. Irun tó ti kú á máa bá rọ́bà bọ̀, iyanrìn àti ẹ̀mọ́ àgbò náà á jáde. Tí eyín rọ́bà bá kún, ká gbọ̀n ọ́n dànù, ká tún máa bá a lọ. Lẹ́yìn náà la ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírun, irú èyí tí wọ́n fi ń gbọn eruku lára aṣọ, gbá a lọ síbi tí irun dojú kọ, ká wá fi aṣọ tó rọ̀ nù ún kẹ́yìn. Awọ ajá ní epo tirẹ̀. Ọwọ́ róbótó yẹn ló ń tú u sókè, gbígbá ló ń tẹ́ ẹ ká orí irun, òun ló ń mú kí ara ajá dán, tí ìrì àárọ̀ fi ń yọ̀ dànù lára rẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 tó, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Epo yẹn gan-an ni ọṣẹ yín ń bó. Ẹ ní ká máa fi wẹ ajá lójoojúmọ́! Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó fún ajá tí wọ́n ń fi rọ́bà tọ́jú, àfi tó bá yí nínú ẹrẹ̀ tàbí lórí òkú ẹran. Tó bá di ojoojúmọ́, pàápàá lásìkò ọyẹ́, awọ á gbẹ, á máa pá funfun, ajá á máa yún ara kiri. pH 5.5, ìyẹn ìwọ̀n bí nǹkan ṣe kan sí, lẹ kọ sára ìgò ọṣẹ, ti awọ èèyàn nìyẹn. Ti ajá sún mọ́ 7. (A ò sọ pé ká padà sí ọṣẹ dúdú o. Eérú inú rẹ̀ mú jù fún awọ ajá, a sì ń sọ ọ́ fún ara wa.) Ti òórùn òdòdó inú ọṣẹ yín ńkọ́? Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ìwẹ̀, ó ṣì ń ta sánsán. Ta ló fẹ́ mú ajá bẹ́ẹ̀ lọ síbi tí ọ̀yà wà, kí atẹ́gùn máa gbé òórùn rẹ̀ lọ ṣíwájú?

Ìwé pélébé ní ká da kẹrosíìnì lé eégbọn lórí. Ó ń jó awọ. Ẹ̀mú kékeré ni ká fi di eégbọn mú nítòsí awọ, ká fà á tààrà láìfún un nínú, ká jù ú sínú sípíríìtì. Ẹ ò sì mẹ́nu kan ilé ajá, bẹ́ẹ̀ abo eégbọn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ yó á já bọ́, á wọ ihò ara ògiri lọ yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ohun tí a ń béèrè rèé. Ẹ dá ₦51,000 wa padà. Ẹ kó ìgò oògùn yẹn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù títí ẹ ó fi kọ ìwọ̀n rẹ̀ ní mílílítà sí lítà omi, kí ẹ sì fi sírínjì mílílítà 10 sínú páálí kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi rọ́bà rọ́pò wáyà, ẹ yọ òórùn kúrò nínú ọṣẹ, ẹ kọ ìwé pélébé ní Yorùbá pẹ̀lú. Ọjọ́ 14 la fún yín láti fèsì. Tí a ò bá gbọ́, a ó kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, àti NAFDAC.

Rìsíìtì àti fọ́tò ìhà ajá 2 tí wáyà bó lára wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Páálí 4 tí a ò tíì tú wà nílẹ̀, ẹ lè rán ẹnì kan wá kó wọn nígbàkigbà.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé, lórúkọ àwọn ọdẹ tó ń sin ajá ní Ìsọ̀kun àti Ìjámọ̀.