Lẹ́tà sí Ìyá Mi Nípa Ẹṣin àti Owó Páànù

Ìyá mi Àlàájà,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ ránṣẹ́ sí mi tí n kò dáhùn. Owó páànù tó kù ti kúrò lọ́wọ́ mi lánàá. Kí Ẹ̀gbọ́n lọ wò ó ní báńkì kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ gba owó náà tán kí ẹ ṣì máa rò pé orí ẹṣin ni mo ti kọ́kọ́ ná an, nítorí mo gbọ́ pé ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ fún yín nìyẹn.

Ẹṣin náà kì í ṣe tèmi. Àgbàlagbà obìnrin kan ló ni ín, ìbàdí tó ń dùn ún ni kò jẹ́ kó lè gùn ún mọ́. Ní òwúrọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí n tó lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo máa ń kó ìgbẹ́ kúrò ní ilé ẹṣin náà, mo ń bu omi àti koríko gbígbẹ fún un, iṣẹ́ yẹn ni mo sì fi ń san owó gígùn rẹ̀. Àṣíborí nìkan ni mo fi owó rà, owó iṣẹ́ alẹ́ ni. Kọ́bọ̀ kan kò jáde nínú owó ilé yín.

Lóòótọ́ ni mo ṣubú, ó sì dùn mí pé ẹnu ẹlòmíràn ni ẹ ti gbọ́ ọ. Ojú ọ̀nà ọlọ́dà tóóró kan la wà nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan sún mọ́ wa débi pé dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan irin tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Láti ọdún 2022 ni ìwé ìlànà ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ti sọ pé kí awakọ̀ má ṣe sáré ju máìlì 10 ní wákàtí kan lọ bó bá fẹ́ kọjá lára ẹṣin, kó sì fi àyè mítà 2 sílẹ̀, ó kéré tán. Ẹṣin fi ẹ̀yìn bọ́ sínú kòtò, èmi sì fi ọwọ́ òsì balẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ló rọ́, kò ṣẹ́. Ó ti san.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà nítòsí ilé, òun ló sì gba àkókò tí ẹ fi rò pé mo gbàgbé yín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà tí ẹlẹ́ṣin kò ní ẹ̀tọ́ sí, ọ̀nà ẹlẹ́ṣin sì wà, bridleway ni wọ́n ń pè é, tí onílẹ̀ kò lè lé ni kúrò níbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín oko rẹ̀ ló gbà kọjá. Mo ra máàpù Ordnance Survey, ilé iṣẹ́ tó ń ya máàpù ilẹ̀ yìí, tí sẹ̀ǹtímítà 4 rẹ̀ dúró fún kìlómítà 1. Ìlà aláwọ̀ ewé tí a gé sí wẹ́wẹ́ ló fi ń ya ọ̀nà méjèèjì: àwọn tó gùn ni ti ẹṣin, àwọn kúkúrú ni ti ẹsẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀nà ẹlẹ́ṣin a máa já sí títì lójijì, a ó sì tún rìn lórí ọ̀dà kí a tó bá èkejì. Nítorí náà, mo kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn ín fún ọjọ́ Àìkú mẹ́rin, mò ń wo ọfà búlúù lára òpó, nítorí ofeefee ni ti ẹlẹ́sẹ̀. Ní gbogbo géètì tí mo dé, mo na ọwọ́ bí ẹni tó wà lórí gàárì, láti mọ̀ bóyá yóò tó irin tí wọ́n fi ń ṣí i.

Mo ti rí ọ̀nà náà. Láti Lewes tí mò ń gbé, ó gba ẹ̀gbẹ́ pápá eré ẹṣin àtijọ́, tí wọ́n ti dá eré dúró níbẹ̀ láti ọdún 1964, ó gun òkè Blackcap, ó sì bá South Downs Way pàdé, èyí tó gùn tó kìlómítà 160 láti Winchester dé Eastbourne, tí ẹlẹ́ṣin sì lè gbà. Ẹfun ni ilẹ̀ ibẹ̀, funfun báláú. Bí òjò bá rọ̀, ó ń yọ̀, òkúta dúdú inú rẹ̀ sì mú bí abẹ, nítorí náà a kì í sáré níbẹ̀, mo sì ń yẹ pátákò rẹ̀ wò bí a bá délé.

Ìyá mi, ẹ má sọ pé kí n fi í sílẹ̀. “Bí ẹṣin bá dáni, à tún un gùn ni,” Bàbá ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Bàbá náà kì í gba títì. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n máa ń gbà lọ sí etí odò Asà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣé ọ̀nà yẹn ṣì ṣí, àbí wọ́n ti kọ́lé dí i?

Ta ló sì gba Ẹ̀gbọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n ta gàárì Bàbá láti fi kún owó páànù? Owó ti dé báyìí. Ẹ gbé gàárì náà wọ yàrá yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi òróró pa awọ rẹ̀ kó má bàa sán, kó sì wà níbẹ̀ títí n ó fi dé.

Èmi ọmọ yín,
Ràfíù