Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ Jẹ́ Kí Á Fi Ìrètí Dúró Dè É

Ẹ̀yin olùfẹ́ mi nínú Olúwa,

Ọ̀sẹ̀ yìí ni ọdún tuntun bẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ wa. Ọjọ́ Ìsinmi tó bá sún mọ́ 30 oṣù Kọkànlá jù lọ ni Àkókò Bíbọ̀ Olúwa, tí a tún ń pè ní Ádífẹ́ǹtì, máa ń bẹ̀rẹ̀, Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin ló sì máa ń wà nínú rẹ̀ kí ọjọ́ ìbí Olúwa tó dé. Inú mi máa ń dùn pé kì í ṣe àríyá ni a fi ń ṣí ọdún ìjọ bí kò ṣe ìrètí, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń dúró de Olúwa lè má dá A mọ̀ nígbà tí Ó bá dé.

Ní ọdún 1839, ní ìlú Hamburg ní Jámánì, Johann Hinrich Wichern ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìní. Wọ́n ní ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ náà ń bi í bóyá Kérésìmesì ti dé. Ó bá mú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ onígi kan, ó to àbẹ́là ńláńlá mẹ́rin sí i fún àwọn Ọjọ́ Ìsinmi, ó sì to kéékèèké sí i fún àwọn ọjọ́ yòókù, kí wọ́n lè máa tan ẹyọ kan kún un lójúmọ́ kan. Níbẹ̀ ni àbẹ́là mẹ́rin tí ó wà níwájú pẹpẹ wa ti ṣẹ̀. Ẹ wò wọ́n dáadáa ní Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin: èyí tí a kọ́kọ́ tàn yóò ti jó wálẹ̀ púpọ̀, èyí tí a tàn kẹ́yìn yóò ṣì ga fíofío. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa tí a jókòó sínú ìjọ kan náà rí. Ìrètí ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹlòmíràn sì ti ń gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ọdún pípẹ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jó tán, síbẹ̀ iná rẹ̀ kò kú.

Mo máa ń rántí Síméónì àti Ánà, àwọn àgbà méjì tó ń retí Olúwa, nínú Lúùkù orí 2. Wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn wọ̀nà fún ìtùnú Ísírẹ́lì, Jésù ọmọ ọwọ́ ni wọ́n sì rí, tí kò tíì lè sọ̀rọ̀, tí kò tíì wo aláìsàn kan sàn. Síméónì gbé e mọ́ra, ó ní ojú òun ti rí ìgbàlà. Ẹ̀yin ará, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ka ọ̀rọ̀ yìí kọjá kíákíá.

A kì í retí àlejò ńlá kí á má gbálẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń ka ìwàásù ìrònúpìwàdà Jòhánù Onítẹ̀bọmi ní àkókò yìí, tí a sì ń wọ aṣọ elésè àlùkò, nítorí Ẹni tí a bí ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù náà ni yóò padà wá ṣe ìdájọ́. Bí ìjà bá wà láàárín ìwọ àti arákùnrin rẹ, lọ bá a sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Kí á tó tan àbẹ́là ní Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, a ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dé, kí ẹ sì ti ka Aísáyà orí 40 láti ilé.

Olùṣọ́-àgùntàn yín nínú Kristi.