Ẹ̀dá abàmì inú ìwé Jamnitzer kì í ṣe iṣẹ́ òkùnkùn

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn àwòrán ọ̀ṣọ́ ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́, mo sì gbádùn rẹ̀ títí mo fi dé ibi tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé ẹni tó ya àwọn ẹ̀dá abàmì inú ìwé Christoph Jamnitzer ní láti máa bá ẹ̀mí òkùnkùn ṣe.

Alágbẹ̀dẹ wúrà ni Jamnitzer, ní ìlú Nuremberg ní Jámánì. Ìwé àwòṣe fún àwọn oníṣọ̀nà ni *Neuw Grottessken Buch* tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1610: alágbẹ̀dẹ tó bá rí kòkòrò abìyẹ́ tí ìrù rẹ̀ lọ́ pọ̀ bí ìtàkùn níbẹ̀ lè mú ìrù yẹn nìkan, kó fi ṣe etí ife fàdákà. Róòmù ni àṣà yíya irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀, níbi tí wọ́n ti rí àwòrán ara ògiri ààfin Nero, olú-ọba Róòmù àtijọ́, ní nǹkan bí ọdún 1480; nítorí pé ilẹ̀ ti bo àwọn yàrá náà tí wọ́n fi dà bí ihò, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ítálì ń lò fún ihò, *grotta*, ni wọ́n fi sọ àwòrán náà lórúkọ; ibẹ̀ ni *Grottessken* inú orúkọ ìwé náà ti wá. (Òǹkọ̀wé yín kò dá wà o: kí wọ́n tó kọ́ ààfin yẹn rárá ni Vitruvius, ayàwòrán ilé ará Róòmù, ti ń bínú sí irú àwòrán bẹ́ẹ̀, pé igi esùsú tí wọ́n ń yà sábẹ́ òrùlé kò lè gbé òrùlé dúró.)

Òǹkọ̀wé yín tún kọ ọ́ pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gbẹ́ àwọn àwòrán náà. Rárá o. Ìda ni wọ́n fi ń bo bàbà pẹlẹbẹ, wọn a fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sára ìda náà, wọn a wá da ásíìdì sí i, kó lè jẹ bàbà níbi tí abẹ́rẹ́ ti ṣí i sílẹ̀. Ẹni tó ń fi irin gbẹ́ bàbà ní láti fi agbára tì í, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ a máa yọ̀ lórí ìda bí ìgbà tí gègé ń rìn lórí ìwé, ìdí sì nìyẹn tí ìlà Jamnitzer fi lè lọ́, kó ká, kó sì di imú tàbí ewé láìsí ìjánu. Ìrọ̀rùn ọwọ́ ni mo rí níbẹ̀, n kò rí ẹ̀mí kankan.

Bí ẹ bá tún máa tẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó tóbi díẹ̀. Èyí tí ẹ tẹ̀ kéré débi pé n kò mọ ibi tí kòkòrò parí sí tí ewé fi bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jamnitzer fúnra rẹ̀ lè má fẹ́ ká mọ̀ ọ́n.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan,
Ìbàdàn.