Gẹ̀gẹ̀ lè kó bá ọkàn: ẹ bá wa là á yé àwọn ènìyàn

Sí Olóòtú,

Mo kí yín fún iṣẹ́ ribiribi tí ẹ ń ṣe lójú ewé ìlera ìwé ìròyìn yín. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni pé, nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ àìsàn ọkàn bá jáde níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ni ẹ sábà máa ń dárúkọ, ẹ kì í mẹ́nu kan gẹ̀gẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti bẹ̀rẹ̀.

Oúnjẹ ẹni méjì ni wọ́n ń jẹ, síbẹ̀ wọ́n ń rù. Nínú ọyẹ́, tí gbogbo ilé ń daṣọ bora, àwọn nìkan ló ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé tíì fún wọn, ọwọ́ wọn gbọ̀n débi pé ife ń ró lórí àwo rẹ̀, tíì sì dà sí wọn lẹ́sẹ̀. Mo fọwọ́ lé wọn láyà: ó ń lù kì kì kì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé, láìdìde lórí àga. Ní ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ìrònú ló pọ̀ jù, wọ́n fún wọn ní oògùn oorun. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni dókítà mìíràn tó kíyè sí i pé ọrùn wọn wú díẹ̀ ní kí a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún họ́mọ̀nù táírọ́ọ̀dù, èròjà tó ń gbé àṣẹ kiri inú ara, èsì sì fi hàn pé ó ti pọ̀ jù.

Táírọ́ọ̀dù ni ẹ̀yà ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ gògóńgò. Nínú àwọn họ́mọ̀nù rẹ̀, T3 ló máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì iṣan ọkàn, tó sì ń pàṣẹ fún un láti máa súnkì, kó sì máa dẹ̀, kíákíá. Ọkàn ènìyàn a máa lù tó ìgbà 100,000 lójúmọ́, ATP, èròjà tó ń gbé agbára fún sẹ́ẹ̀lì, ló sì fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n èyí tó wà nílẹ̀ kò lè gbé e kọjá ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn mitochondria, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tíntìntín inú sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè agbára, tí wọ́n gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta sẹ́ẹ̀lì ọkàn, ló ń pèsè rẹ̀ láìsinmi. Ààrò ni mo máa ń fi wọ́n wé: ọ̀rá àti ṣúgà ni igi, ọ́síjìn ni atẹ́gùn tó ń fẹ́ iná. Bí T3 bá pọ̀ jù, igi á máa jó fòfò, ṣùgbọ́n ooru á máa gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò jáde, tí apá kan agbára tó yẹ kó di ATP yóò di ooru lásán. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn iṣan ara yòókù, òun ló fa abẹ̀bẹ̀ inú ọyẹ́. Ọkàn ń náwó ju bó ti ń pawó lọ, àní nígbà tí ẹni náà jókòó jẹ́ẹ́. Tó bá wá gun àtẹ̀gùn, àfikún agbára tó lè rí kò tó nǹkan. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, lílù ọkàn lè di ségesège, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú rẹ̀ kó lọ dí iṣan ọpọlọ, ọkàn fúnra rẹ̀ sì lè kọṣẹ́.

Kì í ṣe ìmọ̀ tuntun. Dókítà Robert Graves kọ nípa rẹ̀ ní Dublin lọ́dún 1835, dókítà Karl von Basedow sì so gẹ̀gẹ̀, ojú tó yọ síta àti àyà tó ń lù pọ̀ ní Jámánì lọ́dún 1840. Ó dùn mí pé lónìí, a ṣì ń gbé ẹni tó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kiri nítorí ọwọ́ ayé.

Ìtọ́jú wà: carbimazole ń dín họ́mọ̀nù kù, propranolol ń dẹ ìlù ọkàn, ọ̀pọ̀ ọkàn sì máa ń padà bọ̀ sípò bí họ́mọ̀nù bá ti wá sí ìwọ̀n. Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ fi ojú ewé kan ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń ra oògùn tí wọ́n fi ń dín sísanra kù lọ́jà pẹ̀lú, nítorí wọ́n ti bá họ́mọ̀nù táírọ́ọ̀dù nínú irú rẹ̀ rí. Kí ẹnikẹ́ni tí àyà rẹ̀ ń lù, tó ń jẹun tó sì ń rù, má ṣe kúrò níwájú dókítà láìbéèrè pé, "Ṣé ẹ ti wo ọrùn mi?"

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn