Sí ẹ̀yin ọmọ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ afinimọ̀nà

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo rí i pé ọ̀pọ̀ yín tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàlejò àti ìrìn-àjò afẹ́, ilé ìtura nìkan lẹ gbójú lé. Ẹ rò pé iṣẹ́ afinimọ̀nà ò ju kéèyàn máa nàka sí òkè àti ilé àtijọ́ lọ. Ó tì o. Ìlànà tí ilẹ̀ Yúróòpù gbé kalẹ̀ ní 2008 ní kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí tó ìjókòó ẹ̀kọ́ 600, ó kéré tán, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìfidánrawò. Ẹnìkan ò ní fi gbogbo ìyẹn kọ́ ìka nínà.

Alákòóso ìrìn-àjò ló ń bá àwọn àlejò kiri láti ìlú dé ìlú, tó ń mójú tó ọkọ̀ àti yàrá. Afinimọ̀nà ní tirẹ̀ ń ṣàlàyé ibi tó mọ̀ dunjú, ní èdè tí àlejò gbọ́. Níbi púpọ̀, ìjọba ò ní jẹ́ kí ẹ ṣe é láìgba ìwé àṣẹ, nítorí náà ẹ tètè béèrè.

Ṣùgbọ́n ìtọ́jú èèyàn ló ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ má ṣàlàyé nígbà tí ẹ ṣì ń rìn. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ dúró, kí ẹni tó kẹ́yìn dé. Àwọn àlejò ni kí ẹ kọjú sí, kì í ṣe ògiri tí ẹ ń ròyìn rẹ̀, kí ẹ sì dúró síbi tí oòrùn á ti máa mú ojú tiyín, kó lè wà lẹ́yìn wọn. Ìrìn àgbàlagbà tó fi ọ̀pá rìn ni kí gbogbo yín máa rìn. Ẹ ka iye orí kí ẹ tó kúrò, ẹ tún un kà nínú ọkọ̀. Ẹ sì mọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà kí ẹ tó mọ ọdún tí wọ́n kọ́ ààfin, torí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ò ráyè ìtàn ọba kankan!

Tí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ ní ẹ máa wádìí, kí ẹ sì wádìí kílẹ̀ tó ṣú. Irọ́ tí ẹ bá pa, àlejò á gbé e délé, afinimọ̀nà mìíràn á gbọ́, ó di ìtàn nìyẹn.

Ní ti owó, ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ọ̀pọ̀ nínú wa ò ní ọ̀gá, a ò sì ní owó oṣù. Ìgbà kan wà tí àlejò ń rọ́ wá, ìgbà kan wà tí ẹnikẹ́ni ò dé. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ẹnubodè pa ní 2020, àwọn tó ní iṣẹ́ kejì, bí ìtumọ̀ èdè tàbí iṣẹ́ olùkọ́, ló rọ́wọ́ mú. Àwọn ọlọ́jà kan á tún fẹ́ máa fún yín lówó lórí ohun tí àlejò bá rà. Èmi ò fara mọ́ kí ẹ fi ìdajì ọjọ́ ẹni ẹlẹ́ni ṣòfò nínú ìsọ̀ nítorí ìyẹn.

Ọjọ́ 21 oṣù Kejì ni ọjọ́ àwọn afinimọ̀nà lágbàáyé, láti 1990. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọ́n máa ń mú èèyàn rìn lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín àsìkò náà. Ẹ lọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ojú sára afinimọ̀nà náà ju ohun tó ń fi hàn lọ. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá wù yín, ẹ lọ bá a tó bá parí, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé òun, kódà bó jẹ́ omi àwọn àlejò lẹ ó máa bá a gbé.

Èmi ni,
Àgbà yín lẹ́nu iṣẹ́.