Ìkéde: Ìjíròrò lórí ìwádìí ọrọ̀-ajé ẹkùn àti òṣèlú epo

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, a kí yín o.

Ìjíròrò wa tó ń bọ̀ dá lórí iṣẹ́ onímọ̀ yunifásítì tó ń ṣèwádìí ọrọ̀-ajé ẹkùn, ìyẹn bí àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé ti ara wọn ṣe ń da ọrọ̀-ajé pọ̀, àti òṣèlú epo. Kì í ṣe ìṣirò nìkan o. Ìtàn kún inú rẹ̀ bámúbámú. Èédú àti irin ni orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Yúróòpù fi bẹ̀rẹ̀ àjọṣe wọn lọ́dún 1951. Ní 1960, orílẹ̀-èdè márùn-ún dá OPEC, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta epo rọ̀bì sókè òkun, sílẹ̀ ní Baghdad. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dáwọ́ epo títà fún Amẹ́ríkà dúró ní 1973, owó epo rọ̀bì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ kà nípa ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kí ẹ tó wá. Ẹni tó bá gbọ́ èdè Lárúbáwá, kó jọ̀wọ́ rí akọ̀wé.