Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń ta gìtá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O ní kí n sọ ẹni tí o lè máa gbọ́ kí ọwọ́ rẹ lè dá ṣáká lórí gìtá. Orúkọ kan ṣoṣo ni mo ní fún ọ: Mississippi John Hurt, olórin blues ará Amẹ́ríkà tó ń ta gìtá. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ blues, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, olórin tó ń jẹ́ Robert Johnson ni gbogbo ayé ń kọ́kọ́ dárúkọ, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìwọ tí ọwọ́ rẹ máa ń yá jù, ọ̀dọ̀ John Hurt ni kí o kọ́kọ́ lọ.

Wá orin "Louis Collins" tó gbà sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ agbáwo-orin-jáde Okeh lọ́dún 1928. Má tíì kọbi ara sí ohùn. Àtàǹpàkò ni kí o fetí sí. Orí àwọn okùn tó nípọn ló wà, ó ń ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ tó ń lọ sóko láàárọ̀, tí ilẹ̀ kò sì tíì ṣú mọ́ ọn. Kò yára, kò sì falẹ̀. Àwọn ìka tó kù ń fi okùn tín-ín-rín kọ orin gan-an. Ọkùnrin kan, gìtá kan, o máa búra pé èèyàn méjì ni.

Wàyí o, gbọ́ ohun tó ń sọ. Wọ́n yìnbọn pa Louis, ìyá rẹ̀ ń sunkún, àwọn èèyàn gbọ́, wọ́n wọ aṣọ pupa. Ẹlòmíì ìbá ké, ìbá fi ohùn dárà. John Hurt ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rọra ń sọ ọ́ ni, bí ẹni tó jókòó ti ìyá náà. Ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń dé ọkàn mi.

Àgbẹ̀ ni, ará Avalon, abúlé kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Láti kékeré ló ti dá kọ́ gìtá. Memphis ló ti kọ́kọ́ gba orin sílẹ̀, nígbà tó di December ọdún 1928 kan náà wọ́n mú un lọ sí New York. Àárò ilé sọ ọ́ níbẹ̀, ó sì kọ "Avalon Blues", ó ní Avalon ni ìlú òun. Kò pẹ́ tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà fi dojú dé. Kò sẹ́ni tó tún pè é. Ó padà sóko, ọdún márùndínlógójì kọjá! Ó máa ń dùn mí, àbúrò mi: mélòó nínú orin rẹ̀ ni atẹ́gùn gbé lọ láàárín ìgbà yẹn?

Orin àárò ilé yẹn náà ló júwe rẹ̀. Ní 1963, Tom Hoskins, ọ̀dọ́kùnrin kan tó fẹ́ràn orin blues, tẹ̀ lé orúkọ abúlé náà títí tó fi kàn án. Lọ́dún yẹn kan náà ni John Hurt kọrin ní àjọ̀dún orin ìbílẹ̀ Newport ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ sì gba tiẹ̀. Ó kú ní 1966.

Gbọ́ àwo ọjọ́ ogbó rẹ̀ náà. Ohùn ti wúwo sí i, àtàǹpàkò ò yí padà. Síbẹ̀, ti 1928 ni mo fẹ́ràn jù.

Àtàǹpàkò nìkan ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti lè máa lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí o ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, kí o tó fi ìka yòókù kún un. Lẹ́yìn náà, gbà á sórí fóònù, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ